Kí ni 37269 ṣe lẹ́sẹ̀ Màmá?

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni ìyá ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Houston pè mí. Ìwé méjì láti ọ̀dọ̀ Medicare, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sanwó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ló tẹ́ sórí tábìlì, ó sì ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Ẹ kú alẹ́ mà."

"Kú alẹ́, ọmọ mi. Gbọ́ ná. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tí wọ́n ṣe fún mi lóṣù Kẹwàá, 37226 ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀. Tòsì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún tuntun, 37269 ni wọ́n kọ. Dókítà kan náà ló ṣe é, yàrá kan náà ni, irú wáyà kan náà ni wọ́n kì sí méjèèjì. Àbí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ mi ta lọ́tìrì ni?"

Ẹ̀rín pa mí, nítorí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun gan-an ni Màmá ń béèrè. Èmi ni mo máa ń jókòó ka ohun tí dókítà kọ sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, tí màá wá nọ́ńbà tó bá a mu kí ilé ìwòsàn tó lè béèrè owó. Tí mo bá mú nọ́ńbà tí kò yẹ, wọn ò ní sanwó, tàbí kí wọ́n san án tán kí wọ́n tún wá gbà á padà.

Ìdáhùn tó yá kíá ni pé nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ ìwé ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò, òun àti 15 mìíràn tí wọ́n jọ wà lójú ìlà kan, láti 37220 dé 37235. Tuntun 46 ló rọ́pò wọn, láti 37254 dé 37299. Àmọ́ Màmá kì í ṣe ẹni tí ìdáhùn kíákíá ń tẹ́ lọ́rùn.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, American Medical Association, ló ni ìwé nọ́ńbà náà. CPT la máa ń pè é. Ọdún 1966 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìjọba kọ́ ló ni ín, ṣùgbọ́n ìjọba ti sọ pé òun ni kí gbogbo dókítà àti iléeṣẹ́ adójútòfò fi máa bára wọn sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ kì í sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọ́dọ̀ sanwó àṣẹ fún ẹgbẹ́ náà. Ẹ fojú inú wò ó ná: kí ẹgbẹ́ alápatà ló ni òṣùwọ̀n tí gbogbo ọjà fi ń wọn ẹran. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń tún un ṣe. Ti ọdún 2026, 288 ni wọ́n fi kún un, wọ́n yọ 84, wọ́n sì tún 46 kọ.

Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe owó. Máàkì ló ń gbé. Medicare á ka máàkì iṣẹ́ ọwọ́ dókítà, á ka ti ìnáwó yàrá àti irinṣẹ́, á ka ti adójútòfò tí dókítà ń san nítorí ẹjọ́, á wá fi iye kan sọ wọ́n di dọ́là. Lọ́dún 2026, nǹkan bíi 33.40 dọ́là ni máàkì kan fún ọ̀pọ̀ dókítà. Ẹ má wo kékeré rẹ̀, nọ́ńbà kan lè gbé máàkì ọgọ́rùn-ún mélòó kan.

Ká tó dé ìdí owó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe ẹsẹ̀ Màmá. Ẹ̀jẹ̀ máa ń ti ọkàn sọ̀kalẹ̀ gba inú ikùn, á pín sí méjì níbàdí, á gba inú itan lọ sẹ́yìn orúnkún, ibẹ̀ ni yóò ti tún pín sí mẹ́ta gba ojúgun lọ sí ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Ọ̀rá àti ohun líle bí ẹfun lè lẹ̀ mọ́ ara inú iṣan tí ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà kọjá, pàápàá lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹni tó ń mu sìgá. Ọ̀nà á wá fún. Tó bá fún, ẹran ẹsẹ̀ á máa ro onítọ̀hún bó bá ti rìn díẹ̀, ríro náà á sì lọ bó bá dúró. Láti ibi tí Màmá máa ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì tó ń dúró. Ó ní òun kàn máa ń ṣe bí ẹni pé òun ń kí èèyàn. Èyí tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹsẹ̀ máa dunni lórí ibùsùn lóru, kí egbò kékeré kọ̀ kó má jinná, tàbí kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúdú. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ wà létí gígé ẹsẹ̀.

Títí di ọdún 1964, bí iṣan bá ti dí, iṣẹ́ abẹ ńlá ni, tàbí kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún yẹn, nílùú Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon, wọ́n gbé ìyá ẹni ọdún 82 kan wá sọ́dọ̀ Charles Dotter. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú, wọ́n ní kí àwọn gé ẹsẹ̀ náà, ìyá ní ó tì. Dotter kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ, dókítà tó ń wo àwòrán inú ara ni. Ó ki ọ̀pá tín-ín-rín gba inú iṣan itan kọjá ojú ibi tó fún, ó sì fi ọ̀pá tó nípọn ju ìyẹn lọ tẹ̀ lé e láti là á. Ẹsẹ̀ náà gbóná padà. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ìyá náà fi rìn jáde. Bàlúùn ló wá gba ipò ọ̀pá lẹ́yìn-ò-rẹyìn, wọ́n á kì í wọlé, wọ́n á fẹ́ ẹ níbi tó fún. Nígbà tí wọ́n rí i pé iṣan míì máa ń padà fún, wọ́n ṣe stent: wáyà tó rí bí àwọ̀n, tó máa ń ṣí nínú iṣan tí yóò sì dúró síbẹ̀ títí ayé. Ọdún 1991 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí Julio Palmaz, ọmọ Ajẹntínà, ṣe fún iṣan ìbàdí.

Nínú ìwé àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ẹsẹ̀ sí: ìbàdí, itan pẹ̀lú ẹ̀yìn orúnkún, àti ojúgun. Nínú ti itan àti ti ojúgun, iṣẹ́ ń gun orí ara wọn bí àtẹ̀gùn. Bàlúùn nìkan ló wà nísàlẹ̀. Lókè rẹ̀ ni fífá wà, èyí tí wọ́n ń pè ní atherectomy, tí irinṣẹ́ kan á máa fá ẹ̀gbin ara iṣan bí ẹni fá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Stent tún wà, lẹ́yìn náà ni stent pẹ̀lú fífá. Èyí tó ga jù nínú ohun tí dókítà ṣe la óò kọ, kò sí pé à ń ka bàlúùn lọ́tọ̀ ká tún ka stent. Gbogbo itan pátá, iṣan kan ni wọ́n kà á sí. Dókítà ìbáà to stent mẹ́ta sínú rẹ̀, 37226 kan ṣoṣo ni.

Ẹ wo ohun tí mo máa ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Dókítà á kọ pé òun gún iṣan nítan òsì, òun gbé wáyà gba orí ibi tí ìbàdí ti pín kọjá sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, òun ta oògùn tí ń hàn nínú àwòrán síbẹ̀, òun sì rí i pé iṣan itan fún dé ìdá 80 nínú 100. Òun fẹ́ bàlúùn 5 mm, ó tún ń padà fún, òun wá fi stent 6 mm sí i. Òun dí ojú ihò tí òun gún. Ojú ìwé méjì ni. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tó kàn mí ò ju mẹ́rin lọ: ẹsẹ̀ wo, apá ibo nínú ẹsẹ̀, kí ni iṣẹ́ tó ga jù, ṣé wọ́n ti ya irú àwòrán yẹn tẹ́lẹ̀. Gígún, wáyà tó sọdá, àwòrán tó fi ń tọ́nà, dídí ihò, inú 37226 ni gbogbo wọn wà. Àwòrán tó fi wá àrùn, tó sì torí ẹ̀ pinnu láti ṣiṣẹ́, nìkan la lè kọ lọ́tọ̀, bí kò bá tíì sí irú rẹ̀ tó ṣeé gbára lé tẹ́lẹ̀.

Nọ́ńbà àrùn náà tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà iṣẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń ro bó bá ń rìn, I70.211 ni. Tòsì, I70.212. Bí ọwọ́ mi bá ṣèèṣì tẹ ọ̀kan dípò èkejì, ohun tí mo ń sọ fún Medicare ni pé dókítà ki wáyà sínú ẹsẹ̀ tí kò ṣàìsàn. Ìwé á padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀gá mi á sì dúró lẹ́yìn àga mi.

Ó ku owó. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ yìí ní ilé ìwòsàn, ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan ni Medicare ń san fún dókítà fúnra rẹ̀, ilé ìwòsàn á gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ṣe é nínú ọ́fíìsì tirẹ̀, àpapọ̀ owó ni wọ́n ń san fún un: yàrá, nọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ, stent, gbogbo rẹ̀. Láti bí ọdún 2008 tí Medicare ti yí bó ṣe ń san irú owó yìí padà ni àwọn dókítà ti ń kó iṣẹ́ ẹsẹ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn lọ sí ọ́fíìsì. Nígbà tí nọ́ńbà ọdún 2011 tún dé, owó fífá ga ju ti bàlúùn lọ fíìfíì. Nígbà yẹn, stent pẹ̀lú fífá ní ọ́fíìsì lè kọjá 10,000 dọ́là fún ẹsẹ̀ kan, láàárín wákàtí méjì.

Ohun tó tẹ̀ lé e ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò babaláwo. Àwọn dókítà kan ní yunifásítì Johns Hopkins tú ìwé Medicare ọdún 2019 wò, wọ́n wo àwọn tó ń ṣe iṣan itan fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó lé ní ìdajì àwọn aláìsàn náà tí wọ́n fá iṣan fún. Dókítà kan wà tí kò fá fún ẹnì kankan, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá ti wọlé ló fá fún. Àrùn kan náà ni, orílẹ̀-èdè kan náà. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rí tó dájú pé fífá dára ju bàlúùn lọ. Lọ́dún 2023, ìwé ìròyìn New York Times àti iléeṣẹ́ ìròyìn ProPublica gbé ìròyìn gígùn jáde nípa àwọn èèyàn tí ìrora díẹ̀ gbé dé ọ́fíìsì, tí wọ́n ṣe wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, tí wọ́n sì gé ẹsẹ̀ àwọn mìíràn nínú wọn gbẹ̀yìn. Mo mọ dókítà ọ́fíìsì tó mọ iṣẹ́, tó ń ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn, torí náà mi ò ní fi gbogbo wọn ṣe ọ̀kan. Àmọ́ ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ yìí ni pé kóòdù ń sọ ohun tí wọ́n ṣe. Kò sí ibì kankan nínú nọ́ńbà náà tó sọ bóyá ó yẹ kí wọ́n ṣe é.

Àwọn 46 tuntun yìí gbìyànjú láti sọ òtítọ́ díẹ̀ sí i nípa iṣẹ́ náà. Ẹsẹ̀ ti di ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n ti ya ìsàlẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ sọ́tọ̀, ibi tí iṣan ti kéré bí okùn, tí àwọn alátọ̀gbẹ ti máa ń ní egbò. Itan kò jẹ́ iṣan kan ṣoṣo mọ́, àyè ti wà láti kọ ìkejì. Wọ́n tún fi ìlà kan kún ti ìbàdí àti ti itan fún ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì ohùn fọ́ ohun líle inú iṣan, èyí tí kò sí lọ́jà lọ́dún 2011. Ìyàtọ̀ tó tóbi jù ni ti fífún àti dídí. Ibi tó fún, iṣẹ́ tó rọrùn ni wọ́n pè é. Ibi tó ti dí pátápátá, tí dókítà ní láti wá ọ̀nà fún wáyà bí ẹni ń gbẹ́ kànga, iṣẹ́ tó le ni wọ́n pe ìyẹn, máàkì rẹ̀ sì ga jù.

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ òsì Màmá wọlé. Stent nínú iṣan itan tó fún, 37267. Stent nínú iṣan itan tó dí pátápátá, 37269. Ohun tí nọ́ńbà yìí ń sọ ni pé tòsì rẹ̀ dí. Nínú ìwé àtijọ́, nọ́ńbà kan náà ni èyí tó fún àti èyí tó dí ń gbà.

Mo gbà pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, torí dókítà tó fi wákàtí mẹ́ta wá ọ̀nà gba inú iṣan tó dí kò yẹ kó gba owó kan náà pẹ̀lú ẹni tó fi ogójì ìṣẹ́jú ṣe tirẹ̀. Síbẹ̀ ó ń kọ mí lóminú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ojú ìwé méjì ló ń pín owó sí méjì báyìí, ẹni tó sì ń kọ ọ̀rọ̀ náà ni owó ń wọ àpò rẹ̀. Iṣan tó fún dé ìdá 99 kò tíì dí. Ta ló wà ní yàrá náà láti wọn ìdá kan tó ṣẹ́kù? Àwòrán wà, òótọ́ ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwa tí à ń kọ kóòdù kì í rí àwòrán. Ọ̀rọ̀ là ń kà. Bí dókítà bá kọ pé "ó ti bàjẹ́ gan-an", mi ò lè mú èyíkéyìí, mo ní láti kọ̀wé padà bi í: sà, ṣé ó fún ni àbí ó dí?

Màmá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju wáyà lọ ni?"

Ó wà. Láti ọdún 2017 ni Medicare ti ń sanwó ìrìn fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro: ìgbà 36 láàárín ọ̀sẹ̀ 12, lórí ẹ̀rọ ìrìn, lójú òṣìṣẹ́ ìlera. Wọ́n á rìn títí tí yóò fi máa ro, wọ́n á sinmi, wọ́n á tún rìn. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 93668. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ẹsẹ̀ kàn ń ro bí wọ́n bá ń rìn ò ní dé ibi gígé ẹsẹ̀ láé. Láti ìgbà tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, nọ́ńbà yẹn ò wọ́pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà mi. Owó tí wọ́n ń san lórí rẹ̀ kéré. Màmá ò gbọ́ ọ rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ní apá mìíràn tó kan àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì yí ojú ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ padà. Ìlọ́po méjì ni àrùn iṣan ẹsẹ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun, gígé ẹsẹ̀ sì pọ̀ láàárín wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ọkàn kan tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, Foluso Fakorede, kó lọ sí agbègbè Delta ní Mississippi lọ́dún 2015, ProPublica sì kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 2020. Ohun tó bá níbẹ̀ kì í ṣe àṣejù. Wọ́n ń gé ẹsẹ̀ èèyàn láìtíì wo iṣan rẹ̀ rárá. Àwọn kan ń gba ìtọ́jú tí wọn ò nílò, àwọn mìíràn ò rí èyí tí ì bá gba ẹsẹ̀ wọn là. Àyẹ̀wò tó lè tètè fi àrùn náà hàn kò ju kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lápá àti lọ́rùn ẹsẹ̀ lọ, kí wọ́n fi ti apá pín ti ọrùn ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ 0.90 tàbí kó dín, àrùn wà. Àmọ́ Medicare kì í sanwó rẹ̀ fún ẹni tí nǹkan kan ò tíì ṣe. Ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò sọ lọ́dún 2018 pé ẹ̀rí ò tíì tó. Donald Payne kékeré, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin láti New Jersey, gbé àbá òfin wá láti yí i padà. Ó kú lọ́dún 2024 láìrí i kó di òfin.

Nígbà tó yá, Màmá bi mí ní èyí tó kàn án jù: èló ló máa san? Mo ní ìdá 20 nínú 100 iye tí Medicare fọwọ́ sí ni tirẹ̀, lẹ́yìn 283 dọ́là tí olúkúlùkù ń kọ́kọ́ san lọ́dún 2026, àyàfi tó bá ní adójútòfò kejì. Ó ní òun ní. Mo ní tó bá ṣì ń ṣiyè méjì, kó béèrè ìwé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni lábẹ́ òfin, wọn ò gbọdọ̀ fi dù ú.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ló tún pè. Ìwé ti dé. Ó kà á fún mi díẹ̀díẹ̀, ó ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí ó fi dé ibi tí dókítà ti kọ pé iṣan itan òsì dí pátápátá, gígùn ibi tó dí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14.

"Ó dí. Òun ni wọ́n kọ síbí. Ṣé òótọ́ wá ni 37269 yẹn?"

"Òótọ́ ni, mà."

"Ó dáa. Dúró, kí n gbé dígí mi. Tọ̀tún náà wà ńbí, jẹ́ ká kà á."